Àwọn Tó Fún Gìtá Ní Ohùn: Láti Èkó Títí Dé Ọjà Kure

Nínú ìwé ìrántí tí a máa ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ó ti di àṣà pé kí a kọ ìtàn bí àwọn baba wa ṣe bá ọkọ̀ ojú irin dé ìlú yìí, kí a sì dárúkọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti lọ sinmi. A kò ní ṣíwọ́ kíkọ àwọn ìtàn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí a kò tíì kọ rí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé wa dìde lórí ìjókòó nígbàkigbà tí a bá ṣe ìnáwó. Ìtàn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde ni, èyí tí àwọn olórin ń pè ní áńpù, àti ìtàn àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń tún un ṣe.

Ohun tó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìṣẹ̀lẹ̀ alẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà fi áńpù kan ránṣẹ́ sí wa. Àpótí dúdú ni, ó wúwo bí ẹni pé òkúta ló wà nínú rẹ̀, ó sì dùn ún wò. Ọjọ́ ìkómọ kan ni a kọ́kọ́ gbé e jáde. Onígìtá so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn, ẹnì kan nínú wa (a kò ní dárúkọ ara wa) sì ki í bọ ihò iná. Fíúsì já lójú ẹsẹ̀. A kò bi fíúsì léèrè ohun tó já a. Wáyà tín-ínrín kan la fi dípò rẹ̀, a sì tún tan án. Kí a tó ka ení, èjì, èéfín ti ń yọ lẹ́yìn àpótí, òórùn wáyà tó ń jó sì gba gbogbo abẹ́ àtíbàbà.

Onígìtá ṣì ń ta okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ní ìlà kejì kò gbọ́ nǹkan kan. Onígángan kò dúró ní tirẹ̀. Ó ń kì wá níkọ̀ọ̀kan, a sì jó tẹ̀yìntẹ̀yìn. Síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò nínú orin náà. Ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí wa sọ pé, "Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ pé jùjú rí látijọ́ nìyẹn. Bí ìlù bá ti pọ̀, ẹ kò ní gbọ́ gìtá." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé áńpù lọ sí Ọjà Kure, ọjà tó ń jẹ́ orúkọ Abdulkadir Kure, ẹni tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Niger láti 1999 sí 2007, tó sì di olóògbé ní 2017. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Hausa ni èdè ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí sílẹ̀ yóò gbọ́ Nupe, Gbagyi, Igbo àti Yorùbá kí ó tó rìn dé òpin ìsọ̀ kan. Ọmọ Nupe ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n júwe fún wa, atúnrédíòṣe ni, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníbàárà títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ibo lẹ ti rí èyí?"

"Ọmọ wa ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbí, Bàbá. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

120 volt ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 tàbí 240. Ó ní ó dà bí ẹni tó ń jẹ òkèlè kan lẹ́ẹ̀kan, tí a wá fi tipá ki méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu papọ̀. Nígbà tó yọ wáyà tí a fi dípò fíúsì, ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ará ìsọ̀ kejì fi wá wò ó. A kò bínú. Ẹni tó jẹ̀bi kì í bínú.

Tíránsífọ́mà ló jóná, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò jọ, tí wọ́n sì wé wáyà kọ́pà mọ́. A rò pé yóò ní kí a lọ ra òmíràn, èyí tí a kò lè rí rà ní Minna. Ó ní rárá, òun yóò tún un wé. Ó tú wáyà tó ti jó náà, ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, ó ń kọ ọ́ sí páálí. Lẹ́yìn náà ló wá wáyà tó tín-ínrín jù ú lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wé e ní ìlọ́po méjì iye ti tẹ́lẹ̀, kí áńpù náà lè máa gba iná 230 láìsí wàhálà. Ó ń kà á bí ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, kò ní dáhùn títí yóò fi dé ibi tó lè dúró. Ọjọ́ kẹta la padà lọ gbé e. Ó dún. Lójú tiwa, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn jù bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìdùnnú ló ń gbọ́ orin fún wa.

Àsìkò yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ìyá àgbà wí, a sì rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Èkó ní àwọn ọdún 1930. Tunde King, ẹni tí wọ́n bí ní 1910, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba jùjú. Àwo rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936. Ẹgbẹ́ jùjú ìgbà náà kò ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: ẹni tó ń ta gìtá tàbí bánjò tó sì ń kọrin, ẹni tó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń lu ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú, àti ẹni tó ń gbè é. Orin inú yàrá àti ti ẹ̀bá ilé ni. Kò sí gángan níbẹ̀, kò sí ìyáàlù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: gìtá kò lè bá ìlù jà. Bí gángan bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gìtá ti rì nìyẹn. Ẹ wo bí ó ti jẹ́ nǹkan ìyanu tó, pé orin tí àwa Yorùbá fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ ní Èkó kò ní àyè fún ìlù tó ń sọ èdè wa.

Ní 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú. Ọdún kejì rẹ̀, 1949, ni Ayinde Bakare ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ wa mọ̀. Bakare yìí, tí wọ́n bí ní 1912, ti bá Tunde King ṣiṣẹ́ rí, ó sì ti ń ṣe àwo fún HMV láti 1937. Bánjò kékeré olókùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní ukulele-banjo ló ń ta. Nígbà tó fẹ́ lo máíkì kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò orin, kò rí ibi tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára bánjò, nítorí awọ ló bo ojú rẹ̀. Bí ó ṣe fi bánjò sílẹ̀ nìyẹn tó gbé gìtá onípákó. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: pákó gìtá ń gbọ̀n, máíkì ń sọ gbígbọ̀n yẹn di iná kékeré, áńpù ń sọ iná kékeré di iná ńlá, sípíkà sì ń sọ iná ńlá padà di ohùn. Ohùn gìtá kan wá tó ti márùn-ún.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ló ba orin ìbílẹ̀ wa jẹ́. A gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ní ti jùjú, ẹ̀rọ òyìnbó gan-an ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù baba wa. Nígbà tí gìtá kò bẹ̀rù ariwo mọ́, onígángan kan di méjì, àkúbà wọlé, agogo wọlé, àwọn elégbè pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin di ẹgbẹ́ mẹ́wàá, orin yàrá sì di orin àtíbàbà àti ti gbàgede. Láìsí áńpù, kò bá tí sí ìnáwó ojú pópó bí a ti mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó gbé e káàkiri ni I. K. Dairo. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, nítorí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìlù fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára, nítorí ọmọ àwọn tó ṣí kúrò nílé ni àwa náà, ojú irin tó sì gba Ọ̀fà kọjá ni ó gba Jẹ́bà wá sí Minna. Nígbà tí ojú irin láti Èkó pàdé ti Baro sí Kano, Minna ni wọ́n ti pàdé. Ní 1912 ni wọ́n sì so ojú irin méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan lábẹ́ àkóso kan. Dairo dá Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ẹgbẹ́ tó wá di Blue Spots. Ní 1963 ni ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Gìtá oníná, ìlù dídún àti akọ́díọ̀nù rẹ̀ jọ ń sọ̀rọ̀ láìsí pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ó kú ní 1996.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ebenezer Obey, tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Fatai Rolling Dollar, dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí áńpù ṣe fún wa, ẹ fi etí sí àwo èyíkéyìí tí àwọn méjèèjì ṣe ní àwọn ọdún 1970. Gìtá kì í ṣe ẹyọ kan mọ́, wọ́n di mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, àwọn yòókù ń dá a lóhùn bí omele, kálukú sì di ìwọ̀nba tirẹ̀ mú láìyẹ̀. Ẹni tí kò mọ ètò dùndún lè rò pé wọ́n kàn ń ta okùn ni. Ní 1982, nínú àwo *Juju Music* tí ilé iṣẹ́ Island gbé jáde, gbogbo ayé gbọ́ gìtá olórí títẹ́ tí Demola Adepoju ń ta, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ kí okùn rẹ̀ lè máa fà sókè sódò. Amẹ́ríkà ni irú gìtá yẹn ti wá, àwọn ará wa sì ti ń gbọ́ ọ nínú àwo Jim Reeves tipẹ́. Lọ́wọ́ Adepoju, ohùn rẹ̀ dà bí ti gòjé.

A ti dárúkọ àwọn olórin tó, wọn kò sì ṣàjèjì sí yín. Ta ló tún áńpù wọn ṣe? Ta ló wé tíránsífọ́mà nígbà tí iná bá jó o lóde ìnáwó ní alẹ́ Sátidé, tí òde mìíràn sì ń dúró de wọn ní ọjọ́ Àìkú? Kò sí orúkọ wọn lẹ́yìn páálí àwo kankan tí a ní nílé. Bẹ́ẹ̀ bí a bá tọpa ẹ̀rọ yìí dé orísun rẹ̀, irú wọn la ó bá níbẹ̀.

Leo Fender, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ gìtá àti áńpù tí ẹ máa ń rí, atúnrédíòṣe ni. Ní 1938 ló ṣí ìsọ̀ tó ti ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton, ní California. Àwọn olórin ń gbé ẹ̀rọ wọn tó bàjẹ́ wá, ó ń tú u wò, ó ń rí ibi tí ẹni tó ṣe é kò ti ṣe é dáadáa. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ní 1950 ló gbé gìtá oníná tí kò ní ihò nínú jáde, ní 1954 ló gbé Stratocaster jáde, ní 1965 sì ni ilé iṣẹ́ CBS ra iṣẹ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù dọ́là 13. Títí ó fi kú ní 1991, kò mọ gìtá ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Jim Marshall, onílù tó ń ta ohun èlò orin ní Hanwell, àti àwọn atúnrédíòṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ tú áńpù Fender kan wò ní 1962, wọ́n sì ṣe tiwọn jáde. Ohùn tí ń kùn bí oyin tí wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mú jáde, inú àṣìṣe ló ti wá: ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ ní yàrá ìgborinsílẹ̀ ní Nashville, ní nǹkan bí 1960, ló kọ́kọ́ dún bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì wá ẹ̀rọ tí yóò máa fi tìfẹ́tìfẹ́ bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Nígbà tó di 1962, ó ti wà lórí àtẹ.

Lónìí, ọjà áńpù àfọwọ́ṣe ti di ọjà àwọn ọlọ́rọ̀. Ọkùnrin kan wà ní California tó ń jẹ́ Alexander Dumble, tó kú ní 2022. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe áńpù rẹ̀, bí 300 péré ní gbogbo ayé rẹ̀, ó sì máa ń gbọ́ bí onígìtá ṣe ń ta okùn kí ó tó tún áńpù ṣe bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Nígbà tó bá parí, yóò da oje lé inú ẹ̀rọ náà lórí kí ẹlòmíràn má baà rí àṣírí rẹ̀. Onísègùn wa kankan kò ní bá a wí! Àwọn kan ti ra ẹyọ kan nínú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí ọmọ Nupe yẹn ṣe fún wa ní Ọjà Kure, kíkà wáyà, wíwé wáyà, títẹ́tí sí ohùn, irú iṣẹ́ yẹn náà ni. Òkè òkun ń sanwó ńlá fún un, àwa sì ń pè é ní "lókà", a tún ń ná an ní ìnákúnàá. Àwa tí à ń kọ èyí náà ná an ní ọjọ́ kẹta yẹn, ojú sì ń tì wá báyìí.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Ní Kinshasa, ẹgbẹ́ Konono No. 1 fi mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe máíkì fún àgídìgbo wọn, àwo *Congotronics* tí wọ́n ṣe sì gba ayé kan ní 2004. Ní Niger tó wà lókè wa (kì í ṣe ìpínlẹ̀ tiwa), Mdou Moctar fi pákó àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe gìtá àkọ́kọ́ tó ní. Ní báyìí ó ti ń ta gìtá oníná kiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ìjọba ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun ní oṣù Kẹsàn-án 1986, dọ́là kan gba ju náírà mẹ́rin lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Okùn gìtá wọ́n, sípíkà wọ́n, fáàfù áńpù di ohun àwátì. Shina Peters ṣì mú jùjú gbóná pẹ̀lú *Ace* ní 1989, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké tí kò rówó ra ohun èlò túká, kíbọ́ọ̀dù kan àti ènìyàn kan sì gba ipò ènìyàn mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. "Power State" ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ wa, nítorí Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ la fi ń jó. Iná tó bá lọ tó sì padà dé pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, áńpù ló máa ń kọ́kọ́ pa. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn atúnrédíòṣe wa mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, àwọn kan dá a lábàá pé kí a ta áńpù àti gìtá wa, kí a sì máa háyà ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà gbé orin sáfẹ́fẹ́. Wọ́n ní ó dínwó, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ ìyá ọmọ, kò lè rí i pé bàbá àgbà ti dìde kí ó sì dúró dè é. Àwọn ọmọ tí a bí sí Minna, tí Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ibi tí gángan àti gìtá ti jọ ń dárúkọ ìdílé wọn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbọ́ oríkì wọn. Ìpàdé náà kò tíì parí ọ̀rọ̀ yẹn, a ó sì tún gbé e yẹ̀ wò nínú ìpàdé tó ń bọ̀.

Kí ó tó di ìgbà náà, a bẹ gbogbo ìdílé: ẹni tó bá ní fọ́tò ẹgbẹ́ olórin tó ṣeré rí ní Minna, tàbí tó rántí orúkọ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn ní ìlú yìí, kí ó mú un wá fún akọ̀wé kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún tó ń bọ̀. Áńpù dúdú náà yóò dún lónìí. Iná 230 ló ń jẹ báyìí o. Bí fíúsì rẹ̀ bá já, ẹ pè wá. Ẹ má fi wáyà dí i.